Ọjọ́ Méjì Tí Mo Fi Wòran ní Màrínà

Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, bí ara ẹnì kan kò bá yá, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lájò, àwọn oníṣòwò tó ń kọjá la máa ń fi ọ̀rọ̀ rán. Ìgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀ ni wọ́n dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikú bá wọlé, ọmọ inú ilé ni wọ́n ń rán lọ, òun náà kò sì ní fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ikú. Yóò ní ara wọn kò yá, wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé. Ẹni tí wọ́n rán an sí kì í bi í léèrè mọ́, nítorí ojú ọmọ ilé tó rí yẹn ti tó. Yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, yóò tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á jọ máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan títí wọn yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa. A kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi lè mọ ohun tí mo ṣe.

Ìyá wa ló ṣàìsàn. Òun ló ń ran òwú fún bàbá wa, tí bàbá fi ń hun aṣọ òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ti wà ní Èkó fún ọdún méje. Ó ní òun kò lè jókòó sídìí òfì títí ẹ̀yìn òun yóò fi tẹ̀, ó sì bá àwọn bíríkìlà lọ. Kò padà wálé láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá: ìborùn, ọṣẹ olóòórùn dídùn, àwo kan tí wọ́n ya òdòdó sí nínú. Ìyá kò jẹun nínú àwo yẹn rí. Ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Ìgbà tí òjò ń parí lọ lọ́dún náà, ìyá dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọmọ òun. Kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ rán oníṣòwò, ó ní wọn yóò pẹ́. Èmi ló ní kí wọ́n rán, nítorí mo ti lo ọdún méjì nílé ìwé ìjọ kí bàbá tó fà mí padà sídìí òfì, mo sì lè ka ohun tí wọ́n bá kọ sára ilé.

Bàbá kò fẹ́. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá rí mi, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni yóò rò. Nígbà tí ìyá kò yí ohùn padà, bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó ní kí n wo ojú òun.

"Kí o tó dọ̀bálẹ̀, kí o tó gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ṣé o gbọ́? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá sọ ìyókù."

Mo ní mo gbọ́. Ní àárọ̀ tí mo ń lọ, ìyá jókòó lórí ẹní, ó ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún un kó má pẹ́ o.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn gba ọ̀nà Ìbàràpá dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kẹrin mo wọ rélùwéè láàárọ̀, ó sì gbé mi dé Ìdó kí oòrùn tó rọ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà yẹn ni mo ń tún un wí lẹ́nu: ìyá yín wà láàyè, ìyá yín wà láàyè. Mo wí i títí ó fi bá ìró ẹsẹ̀ mi mu. Mo wí i nínú rélùwéè. Mo wí i lórí afárá irin gígùn tó kọjá lórí ọ̀sà wọ inú Èkó. Ìgbà tí mo dé Màrínà ni mo dákẹ́.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò kúrò ní Òkè-Ògùn rí. Ọ̀sà wà lápá kan, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tí ń rú èéfín dúró sórí rẹ̀. Ilé wà lápá kejì, ilé lẹ́yìn ilé, gbogbo wọn kọjú sí omi bí ẹni tó ń retí àlejò. Nílé wa, ọkùnrin gíga tó bá na igi yóò kan ọ̀pọ̀ òrùlé. Àwọn tí mò ń wò yìí, ilé wà lórí ilé, òmíràn tún wà lórí ìyẹn. Ògiri wọn funfun bí ẹfun. Òpó irin tí wọ́n rọ bí ewéko ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè dúró. Fèrèsé wọn jẹ́ gíláàsì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí èèyàn bá sì rìn, oòrùn náà á máa bá a rìn láti fèrèsé kan dé èkejì. Wáyà ń lọ lókè láti orí òpó kan dé òmíràn, wọ́n sì sọ fún mi pé òun ló ń tan iná tí kò mu epo.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti rí. Ilé ìtajà òyìnbó kan ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, alájà mẹ́ta, kò tíì ní òrùlé. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fa irin gbọọrọ kan lọ sókè, irin náà ń fì díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, mo gbójú sókè tẹ̀ lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ará òkè, pa ẹnu dé. Bí sìmẹ́ńtì bá já sí i, yóò gan síbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀ láti orí pákó tó dúró sí. Ó rí mi. Mo rántí bí ó ṣe rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, tó nu ọwọ́ méjèèjì, tó sì ń fi ẹ̀sọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ tètè dé ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ yí mi ká, wọ́n ń béèrè bóyá àbúrò rẹ̀ ni mí, wọ́n ní imú wa jọra. Ẹnì kan fi agolo bu omi fún mi, mo gbà á, mo mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara ìyá kò yá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ nílé, àwọn fẹ́ rí yín."

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "O kú ìrìn."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo fo ohun tí bàbá ní kí n kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọ̀kan náà ni: òkú kì í ní òun fẹ́ rí èèyàn. Mo sì tún gbójú sókè, nítorí irin yẹn ti fẹ́ balẹ̀ sórí ògiri, n kò sì fẹ́ kí ó balẹ̀ láìṣojú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó béèrè bàbá lọ́wọ́ mi. Ó béèrè àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè aládùúgbò wa tó máa ń bá a jà nítorí ewúrẹ́. Kò béèrè ìyá. Mo bi í pé ìgbà wo la máa lọ, mo ní rélùwéè wà láàárọ̀.

"Kò sí ìkánjú," ó ní. "Jẹ́ kí n mú ọ káàkiri ná. Ó yẹ kí ẹnì kan nílé yẹn rí ohun tí mo ń fi ọwọ́ mi ṣe."

Inú mi dùn. Mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi rin Màrínà láti òpin kan dé èkejì. Kì í ṣe bí àlejò ṣe ń wòran ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wo ilé. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹṣin lára, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní karawun inú ọ̀sà ni wọ́n sun tí wọ́n fi ṣe funfun tó wà lára eléyìí. Ó ní àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ló kọ́ ọ̀gá òun bí wọ́n ṣe ń fi sìmẹ́ńtì mọ òdòdó sókè ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá òun sì kọ́ òun. Ó fi igun ilé kan hàn mí tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè. Igun náà gún gbọọrọ. Mo ní ó dára, ó ní, "Wò ó dáadáa." Mo tún un wò.

Ní ibì kan, ó dúró, kò wo ojú mi. Ó ní òun ti ń rò ó pé lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀ ni òun yóò mú un wá wò ó. Kò sọ ẹni tó fẹ́ mú wá. N kò bi í.

Ọ̀sán pọ́n, ó mú mi lọ jẹun. Ilé oúnjẹ náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀. Àgùdà kan, obìnrin àgbàlagbà, ló ni ín. Tábìlì wà níbẹ̀, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, àga wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fèrèsé sì ṣí sí orí omi. Wọ́n fi ẹfun kọ ohun tí wọ́n sè sára pátákó dúdú. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé, mo kà á sókè: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja, búrẹ́dì, tíì.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, ará òkè mọ̀wé. Ó kù kó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́."

Nígbà tó rí bí mo ṣe di fọ́ọ̀kì mú, ó ní, "Ọmọ mi, ìyẹn kì í ṣe ọkọ́. Má gbẹ́ àwo mi lu o." Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó gbé omi wá fún wa nínú ife gíláàsì, yìnyín wà nínú rẹ̀. Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń bọ́ lójú ọ̀run nígbà mìíràn tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi ìjà dé, tí a máa ń sá tọ̀ nínú àgbàlá, tó sì ti di omi kí èèyàn tó fi han ẹnì kejì. Èyí jókòó sínú ife, ó ń dún. Mo ń wò ó nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ife tirẹ̀. Kí ó tó gbé e kan ẹnu, ó da díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì mì.

Ó yára ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin náà rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó ní. "Ta ni?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Olúwa á dẹlẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ẹja wà lẹ́nu mi. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi béèrè ìyá, tí kò fi kánjú. Lójú rẹ̀, wọ́n ti sin ín kí n tó kúrò nílé, èmi ni ọmọ ilé tí wọ́n rán, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ láti gbé ẹrù tó rò pé mo gbé wá. Gbogbo ohun tó kù kí n ṣe ni kí n gbé ẹja yẹn mì, kí n sì sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún mi láàárọ̀ pé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, òun yóò mú mi gun orí ilé tí wọ́n ń kọ́, níbi tí wọ́n ti ń rí òkun lẹ́yìn ọ̀sà. Ó ní òun mọ kúùkù kan ní ilé oúnjẹ àwọn òyìnbó, yóò jẹ́ kí a yọjú wo inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, a ó máa sáré lọ sí Ìdó láàárọ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi ṣírò. Ìyá ti dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì dìde. Mo fi í sílẹ̀ ní ìjókòó. Ọjọ́ kan péré.

Mo gbé ẹja náà mì, mo sì béèrè bóyá yìnyín kù.

Lọ́jọ́ kẹta, a gun orí ilé náà. Mo rí òkun, ìlà kan tó ṣú ju ọ̀run lọ ni, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi kí n má baà jábọ́, ó di ẹ̀wù mi mú. Lẹ́yìn náà, a lọ sí ilé oúnjẹ àwọn òyìnbó, kúùkù sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀ fún wa. Iyàrá náà gùn, abẹ̀bẹ̀ ńlá kan ń yí fúnra rẹ̀ lókè àjà. Àwo funfun wà lórí gbogbo tábìlì, ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ohun tí mo torí rẹ̀ pa ẹnu mọ́ nìyẹn. Mo wò ó, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lanu lọ́jọ́ yẹn tí mo sì tún pa á dé. Kì í ṣe ìran ló dá mi dúró mọ́. Bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lánàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a dé Ìdó kí rélùwéè tó ṣe tán. Onígbàjámọ̀ kan jókòó lábẹ́ igi níwájú ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n di ẹrù mú, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ní kí ó fá gbogbo irun orí òun.

Nílé wa, ọmọ ń fá orí nítorí òbí rẹ̀ tó kú, lẹ́yìn tí òkú bá ti wọlẹ̀. Ẹni tó bá fá a nígbà tí òbí ṣì ń mí, wọ́n ní ó ti fi orí ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Kò sí ọmọ Ìsẹ́yìn tí kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí onígbàjámọ̀ ń pọ́n abẹ. Ó fá ìlà àkọ́kọ́ láti iwájú dé ìpàkọ́. Ká ní mo sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ìlà kan ṣoṣo ni abẹ ì bá fá. Mo dúró títí orí rẹ̀ fi ń dán.

Ọjọ́ kejì tí a kúrò ní Abẹ́òkúta, a sinmi lábẹ́ igi èmí kan ní pápá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. N kò gbèrò rẹ̀. Ó kàn ní kí n gba iṣu sísun ni, mo sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá kò kú. Wọ́n wà láàyè nígbà tí mo kúrò nílé. Bàbá ní kí n sọ ọ́ fún yín, n kò sọ ọ́."

Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O rí i nígbà tí mo da omi sílẹ̀."

"Mo rí i."

"O dúró tì mí nígbà tí wọ́n ń fá orí mi."

"Mo dúró."

Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi, mo sì fẹ́ kí ó gbá mi. Ó gbé ẹrù tirẹ̀ sí iwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbé ẹrù méjèèjì, mo tẹ̀ lé e. A kò dúró mọ́, a rìn mọ́jú.

Nígbà tí a wọ ilé, ilẹ̀ ìyẹ̀wù ìyá, níbi tí wọ́n sin ín sí, ṣì tutù. Àná ọjọ́ náà ló kú. Arábìnrin bàbá wa, tó tọ́jú rẹ̀ dópin, ní ìyá ń sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ìjẹta. Ó ní bí ẹsẹ̀ kan bá dún nínú àgbàlá, yóò ní, "Ṣé òun nìyẹn?" Ìrọ̀lẹ́ ìjẹta yẹn, ká ní a wọ rélùwéè tó kọ́kọ́ lọ, à bá ti wà nílé.

Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí orí ẹ̀gbọ́n mi. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ pa á. Irun ti ń hù padà lórí náà, ó ti ń gún ọwọ́.

"Ìgbà wo lo fá orí yìí?"

"Ní Èkó ni, mà."

"Ní Èkó. Nítorí ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ìwò ìbínú. Ó dúró, ó fún mi ní àyè tó tó. Bàbá wà níbẹ̀. N kò gbójú sókè.

"Èmi ni mo fá a," ó ní. "Mo kàn fá a ni."

Wọ́n ní ó ti gbàgbé ilé. Wọ́n ní Èkó ti yí i lórí, ó fi abẹ pe ikú fún ìyá tó bí i. Bàbá yíjú sí ògiri nígbà tó wọlé kí i, kò sì dá a lóhùn ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi lọ láàárọ̀ kí èèyàn tó jí. Kò jí mi.

Ọdún méjì ni mo fi hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kí n tó sọ òtítọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn ní, "Lọ mú un wá." Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tún rin ọ̀nà náà. Ilé alájà mẹ́ta yẹn ti parí. Wọ́n ti fi gíláàsì sí fèrèsé rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà síwájú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí n má dúró síbẹ̀. Àwọn bíríkìlà tí mo bá níwájú ilé mìíràn ní ẹ̀gbọ́n mi ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ síhà ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun. Ẹnì kan ní kì í ṣe ibẹ̀, ó ní Gold Kóòsì ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láàárín ara wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Mo rin Màrínà láti òpin kan dé èkejì. Gbogbo àwọn ilé náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n kọjú sí omi. N kò mọ èyí tí igun rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Mo gbé ọwọ́ lé méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n àbá lásán ni mo ń dá.

Mo gòkè lọ sí ilé oúnjẹ. Mò ń retí pé bóyá ó ṣì máa ń wá jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Obìnrin Àgùdà náà mọ̀ mí. Kò pè mí ní ará òkè lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa àga fún mi, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń gòkè bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?" ó ní. "Ó pẹ́ tí mo ti rí i."

Mo sọ fún un pé ohun tí mo wá bi í léèrè nìyẹn. Ó ní kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ó sì wọ inú ilé ìdáná lọ bu omi wá fún mi.